Ìwé C tí mo fi bẹ̀rẹ̀: ó dáa, àmọ́ ó ti pẹ́ jù

Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé kọ́ C, èdè tí wọ́n fi ń kọ program fún kọ̀ǹpútà, ẹ gbọ́ tèmi o. Orí àkọ́kọ́ ìwé yìí, ẹ máa kọ program kékeré tó ń kí ayé, ẹ compile ẹ̀ (ìyẹn, ẹ sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe), ó ṣiṣẹ́, inú yín á dùn, ẹ ò mọ̀ pé wàhálà ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi pointer ni mo ti gba ti ìwé náà jù: ó ya memory, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí, bí àpótí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára, pointer kàn di nọ́ńbà àpótí mú ni, kì í ṣe ẹrù inú ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á kó tó yé mi, kí n má parọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìdí tí scanf, tó ń gba ohun tí èèyàn tẹ̀ wọlé, fi ń fẹ́ & (àmì tó ń mú nọ́ńbà àpótí wá) níwájú orúkọ int, ìyẹn àpótí tó ń gba odidi nọ́ńbà.

Ohun tó bí mi nínú ni pé gets, tó ń ka ìlà ọ̀rọ̀ tí èèyàn tẹ̀, ni ìwé náà ṣì fi ń kọ́ èèyàn, nǹkan tí wọ́n ti yọ kúrò nínú C láti 2011! Gets ò mọ ibi tí àyè pin sí, á kàn máa kọ lọ ni. Fgets, tẹ́ẹ máa sọ iye àyè fún, ni kẹ́ẹ lò jàre. Ìdáhùn exercise náà ò sí lẹ́yìn ìwé, ká ṣáà máa méfò.