Ọdún Kan Pẹ̀lú Ìkànnì Tó Ń Bá Wa Ṣọ́ Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Tí A Kò Lò

Èmi ni mo máa ń gba tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wa nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá gbé wọn lọ sí ibòmíràn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìkànnì ìrìn-àjò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, inú ìwé Excel kan ni mo ń kọ àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tí ìrìn-àjò wọn kò wáyé sí, mo sì gbà pé ó tó. Kò tó. Lọ́jọ́ tí a so ìkànnì náà mọ́ àkáǹtì wa, ó tú tíkẹ́ẹ̀tì 21 jáde tí owó ṣì wà lórí wọn, bẹ́ẹ̀ 7 péré ló wà nínú ìwé mi. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gidigidi, nítorí a ti san owó tuntun fún àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yìí láàárín ọdún kan náà, fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí owó wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Tí ènìyàn bá fagi lé ìrìn-àjò kí ọkọ̀ tó gbéra, tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà, owó náà kì í sábà ṣòfò lójú ẹsẹ̀. Orí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń wà, ìyẹn nọ́ńbà gígùn oní-13 tí mẹ́ta àkọ́kọ́ inú rẹ̀ ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tó ni tíkẹ́ẹ̀tì náà: 006 ni ti Delta, 125 ni ti British Airways, 220 sì ni ti Lufthansa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tọ́jú kóòdù oní-mẹ́fà tí a fi ń wá ìrìn-àjò, wọ́n á sì ju nọ́ńbà 13 nù, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà yìí gan-an ni owó rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ ìkànnì náà ni láti máa yẹ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí wò, kí ó lè mọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi wọ ọkọ̀, tí wọn kò sì tíì dá owó rẹ̀ padà.

Ibi tó ti ṣe gudugudu méje àti yàyà mẹ́fà ni àkókò tí a bá fẹ́ gba tíkẹ́ẹ̀tì gan-an. Ní oṣù kẹta tí a fi ń lò ó, ẹ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka ìtajà ní láti lọ pàdé oníbàárà láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Bí mo ṣe tẹ orúkọ rẹ̀ tán, kí iye owó kankan tó jáde, ìlà aláwọ̀ ewé kan yọ lókè pé owó wà fún un, pẹ̀lú nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà, iye tó wà lórí rẹ̀ àti ọjọ́ tí a gbà á. Lábẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo rí iye owó tuntun, mo sì rí èyí tí a óò fi kún un lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n náà kò rántí mọ́ pé òun ní owó kankan níbẹ̀. Ìwé Excel kò lè ṣe èyí, nítorí ẹni tó ń kánjú gba tíkẹ́ẹ̀tì kì í kọ́kọ́ lọ ṣí ìwé wò.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni ìkànnì yìí fi pa wá lára. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ọjọ́ tí a gba tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ka ọdún kan, kì í ṣe ọjọ́ tí ó yẹ kí a rìn. Àwọn kan ní kí a ti pààrọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà kí ọdún tó pé. Àwọn mìíràn ní ìrìn-àjò tuntun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọdún tó pé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìkànnì náà ń fi hàn, láìsọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ tó fi hàn pé, mo fi owó kan gba tíkẹ́ẹ̀tì ìrìn-àjò tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìkànnì gbà á, àmọ́ ní ọjọ́ kejì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ ọ́, nígbà tí a ó sì fi yanjú ọ̀rọ̀ náà, owó ti bómi lọ. Ìdáhùn mẹ́ta ni àwọn tó ni ìkànnì fún mi kí wọ́n tó gbà pé àlàyé wọn kò pé.

Àṣìṣe kejì burú ju ìyẹn lọ lójú tèmi. Nínú 21 yẹn, 2 jẹ́ ìrìn-àjò tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn fagi lé, síbẹ̀ ìkànnì tò wọ́n mọ́ owó tí a lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn. Owó wa gan-an ló yẹ kí wọ́n dá padà. Òfin 261 ti ọdún 2004 ní ilẹ̀ Yúróòpù, tó de ọ̀kan nínú méjèèjì, sọ pé láàárín ọjọ́ 7 ni kí wọ́n dá a padà fún ẹni tó bá yàn bẹ́ẹ̀, ìwé ìrajà (voucher) kò sì lè rọ́pò rẹ̀ àfi tí arìnrìn-àjò bá fọwọ́ sí i. Èmi ni mo kọ̀wé béèrè, a sì gba ti méjèèjì.

Ní ti orúkọ, ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì wà lórúkọ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń lè lo owó náà, 5 nínú 21 náà sì jẹ́ ti àwọn tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan máa ń gbà kí a yí orúkọ padà fún ilé-iṣẹ́ tó bá ní àdéhùn pẹ̀lú wọn. Ìkànnì kò mẹ́nu ba èyí rárá. Orí fóònù ni mo ti rí 3 gbà nínú 5 yẹn. Bákan náà, tíkẹ́ẹ̀tì tí òṣìṣẹ́ bá lọ rà tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kì í hàn níbẹ̀.

A ti san owó ọdún kejì, nítorí ohun tó bá wa rí ju ohun tó gbé sọnù lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, mo máa ń to àkójọ náà gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí a gba tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì máa ń ka òfin èyí tó bá wà lókè pátápátá fúnra mi. Tíkẹ́ẹ̀tì 4 ló kù níbẹ̀ báyìí, ẹni tó ni èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù lọ yóò sì wọ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.