Chrome dáa o, àmọ́ ẹ lọ pa Preload pages

Ẹ̀yin ará Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ṣọ́ dátà ná bíi tèmi, ẹ gbọ́ èyí. Chrome ni mò ń lò láti wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, mi ò sì tíì rí èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn tó o, àmọ́ kinní kan wà nínú ẹ̀ tí mi ò fara mọ́, Preload pages ni wọ́n ń pè é, ó máa ń yọjú ṣáájú èèyàn. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ nǹkan síbi àdírẹ́sì lókè, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ tán ló ti ń méfò ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, tó bá sì dá a lójú dáadáa ó lè ti lọ gbé pééjì yẹn wá sílẹ̀ dè yín. Tẹ́ ẹ bá wá gba ibòmíì lọ ńkọ́? Dátà ti lọ nìyẹn! Àwọn wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà lè ní kó máa gbé pééjì tẹ́ ò tíì fọwọ́ kàn wá. Wọ́n ní torí kó lè yá ni, ó sì ń yá lóòótọ́, àmọ́ owó ta ni?

Ibi tí mo ti yìn wọ́n ni pé pípa ẹ̀ ò le. Lórí Android, ẹ tẹ àmì dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ lọ sí Settings, Privacy and security, Preload pages, ẹ mú No preloading, ó parí. Standard ló máa ń wà látilẹ̀. Extended yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sá fún, òun ló ń gbé pééjì tó pọ̀ jù wá. Lórí kọ̀ǹpútà, abẹ́ Performance ló wà. Tẹ́ ẹ bá sì tan Energy Saver tó ń ṣọ́ bátìrì, òun fúnra ẹ̀ á dẹwọ́.

Firefox, ẹgbẹ́ Chrome, lórí kọ̀ǹpútà ló bí mi nínú níbí, torí about:config, ibi tí wọ́n kó àwọn sétíńgì ẹ̀ tó fara sin sí, lẹ máa wọ̀, kẹ́ ẹ wá network.prefetch-next, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di false, èyí tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì bá ní kó gbé wá nìkan nìyẹn sì máa dá dúró o, ó ṣì ku network.http.speculative-parallel-limit tẹ́ ẹ máa sọ di 0 kó má baà máa kan ilẹ̀kùn sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wà lórí ẹ̀, kiri. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tákié, ṣé òun ló máa wá gbogbo ìyẹn rí?

Ẹ̀yin oní-iPhone, Preload Top Hit ni tiyín, inú sétíńgì Safari ló wà. Chrome gba máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ní wáìfàì ọ̀fẹ́, kó fi tiẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jàre.