Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà R21 tí ọmọ wa gbà ní Birnin Kebbi

Ìpínlẹ̀ Kebbi wà lára ìpínlẹ̀ méjì tí Nàìjíríà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára R21 ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ibẹ̀ náà ni ọmọ wa ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ọ̀sì tó gún un ní itan fi sùúrù ṣàlàyé pé wọ́n ṣe àfarawé èròjà kan tó máa ń wà lára kòkòrò ibà nígbà tí ẹ̀fọn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ú sínú ara, wọ́n sì fi í sínú abẹ́rẹ́ náà, kí àwọn ọmọ ogun ara lè dá kòkòrò náà mọ̀, kí wọ́n sì dí i lọ́nà kó tó wọ inú ẹ̀dọ̀, níbi tó ti máa ń pọ̀ sí i. Èròjà tí wọ́n yọ lára èèpo igi kan láti ilẹ̀ Chile ló ń ta àwọn ọmọ ogun náà jí; àgbo ìyá mi ni mo rántí lójú ẹsẹ̀. Nítorí pé agbára rẹ̀ máa ń dínkù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gún un. Wákàtí mẹ́ta tí wọ́n fi dá àwọn abiyamọ dúró nínú oòrùn kò dára rárá. Ara ọmọ gbóná díẹ̀ lálẹ́, ó sì ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ló ṣì ń sùn.