Rheinland-Pfalz ní Jámánì: àgbéyẹ̀wò ìrìn-àjò mi sí Trier, àfonífojì Mosel àti igbó Pfälzerwald

Berlin, Frankfurt àti Munich ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò sí Jámánì. Rheinland-Pfalz, ìpínlẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè náà, tó bá ilẹ̀ Faransé, Luxembourg àti Bẹ́ljíọ̀mù pààlà, kì í sábà sí lẹ́nu wa. Èmi kò tíì rí ibòmíràn ní Jámánì tí ìlú àtijọ́, oko àjàrà àti igbó ti sún mọ́ ara wọn tó báyìí. Lójú tèmi, ọkọ̀ ojú irin agbègbè, èyí tó ń dúró ní ibùdó kéékèèké gbogbo, ló yẹ kí ènìyàn fi wo ibẹ̀. Mo bá ilé iṣẹ́ kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò kiri lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí a tó rí ibi tí a ó ti jẹun ní Bernkastel, ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò Mosel, wọ́n ti ń pè wá pé kí a wọlé, kí a máa lọ.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí mo lò ni Deutschlandticket. Yúrò 49 ni lóṣù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ó di 58 ní 2025, ó sì ti di 63 láti oṣù Kìíní ọdún 2026. Ẹ lè fi wọ ọkọ̀ ojú irin agbègbè àti bọ́ọ̀sì ìlú káàkiri Jámánì, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi wọ ICE, ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré jù. Ẹ rántí pé oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fagi lé e kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò yọ ti oṣù tó ń bọ̀. Fún ẹbí tó fẹ́ jáde fún ọjọ́ kan péré, Rheinland-Pfalz-Ticket ló sàn jù: ènìyàn márùn-ún lè jọ lò ó, àmọ́ láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, ó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Trier ni mo fi ṣe ibùdó. Àwọn ará Róòmù ló tẹ̀ ẹ́ dó, olú ọba Constantine sì gbé ibẹ̀ rí. Ẹnubodè tí wọ́n ń pè ní Porta Nigra, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 170, ni ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí bí ẹ bá ti ibùdó ọkọ̀ ojú irin rìn wọ àárín ìlú. Òkúta ńláńlá ni wọ́n tò léra wọn láìsí ohunkóhun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Irin ni wọ́n fi há ọ̀kan mọ́ èkejì. Ẹ sún mọ́ ògiri náà dáadáa, ẹ ó rí ihò págunpàgun níbi tí òkúta méjì ti pàdé: ibẹ̀ ni àwọn tó wá lẹ́yìn ti gbẹ́ irin náà jáde láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Ohun tó gba ẹnubodè yìí lọ́wọ́ àwọn tí ì bá kó òkúta rẹ̀ lọ kọ́ ilé ni pé ọkùnrin olùfọkànsìn kan, Simeon ará Gíríìkì, ti ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ títí ó fi kú ní 1035, tí wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀ṣì. Napoleon ló pàṣẹ ní 1804 pé kí wọ́n wó ohun tí wọ́n kọ́ kún un kúrò.

Síbẹ̀, gbọ̀ngàn Constantine ló wọ̀ mí lọ́kàn jù ní Trier. Ó gùn tó mítà 67, ó ga tó mítà 33, kò sì sí òpó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ló ń jọ́sìn níbẹ̀ báyìí. Ẹ gba ààyè láti jókòó, nítorí kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń sáré wò kọjá. Ilé tí wọ́n bí Karl Marx sí ní 1818 náà wà nílùú yìí. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìtàn ìṣèlú lè fò ó.

Láti Trier lọ sí Koblenz, ẹ má retí pé odò Mosel ni ẹ ó máa wò látìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin máa ń yà kúrò lẹ́bàá odò, ó di Bullay kí ó tó padà bá a. Ẹni tó ń lọ sí Bernkastel gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Wittlich, kí ó wọ bọ́ọ̀sì, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í débẹ̀ mọ́. Èmi fẹ́ràn ìhà Ediger-Eller àti Bremm jù, níbi tí òkè Calmont wà. Oko àjàrà tó wà lórí rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tó dígírì 65 níbi kan. Kò sí katakata tó lè gun un. Irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ lọ sókè, ọkọ̀ kékeré kan sì ń rá pálá lórí rẹ̀, tó ń gbé àgbẹ̀ àti èso tí wọ́n ká. Òkúta pẹlẹbẹ dúdú ló kún ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ń gba ooru oòrùn sára lọ́sàn-án, ó sì ń tú u fún igi àjàrà lóru, èyí ló jẹ́ kí Riesling, irú àjàrà funfun tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì, pọ́n dáadáa ní ilẹ̀ olótùútù bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà tó gba àárín oko náà ní àkàbà àti okùn irin, nítorí náà ẹni tí òòyì ń kọ́ kó má dán an wò.

Ibi tó dára jù láti tọ́ wáìnì wò ni Straußwirtschaft, ìyẹn ilé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Òfin gbà wọ́n láyè láti ta wáìnì tiwọn àti oúnjẹ wẹ́ẹ́rẹ́ fún oṣù mẹ́rin lọ́dún, pẹ̀lú ìjókòó tí kò ju 40 lọ. Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó dùn, ẹ wá «lieblich» lára ìgò. «Trocken» kò ní ṣúgà púpọ̀.

Ilé olódi Eltz kò jìnnà sí odò Mosel, ẹbí kan náà ló sì ti ni ín fún ohun tó ju 850 ọdún lọ. Láti Moselkern, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn gba inú igbó dé ibẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí a ya fọ́tò nínú ilé, wọ́n sì máa ń tì í nígbà òtútù.

Igbó Pfälzerwald ni mo fún ní máàkì tó ga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n ń polówó rẹ̀ kéré jù. Ní Annweiler, ẹ ó gòkè lọ sí ilé olódi Trifels, níbi tí wọ́n ti Richard ọba Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní 1193. Àwọn ahéré tí ẹgbẹ́ Pfälzerwald-Verein, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1902, ń bójú tó wà káàkiri inú igbó náà. Ẹ ó tò síwájú fèrèsé, ẹ ó gba Saumagen (ikùn ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ki ẹran àti ọ̀dùnkún sí) tàbí sọ́séèjì, àti wáìnì tí wọ́n fi omi onígáàsì là nínú ife tó gba ìdajì lítà. Àlejò àti onílé máa ń jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n sì máa ń jọ mu nínú ife kan. Kì í ṣe gbogbo ahéré ló ń gba káàdì, ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣí láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ mú owó lọ́wọ́ lọ, kí ẹ sì ra oúnjẹ tí ẹ ó lò nílé ní Sátidé, nítorí ilé ìtajà kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú.