Oúnjẹ Mẹ́síkò ní Parakin: ẹ lọ jẹ ewúrẹ́, kẹ́ ẹ dúró gbọ́ ìtàn rélùwéè

Àwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé oúnjẹ Mẹ́síkò tí wọ́n ń ṣe ní Parakin nÍfẹ̀ nírọ̀lẹ́ Sátidé tó owó tí wọ́n ń gbà. Ó tó o. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ yó ni, ẹ yáa gba Lágere lọ, àmàlà ibẹ̀ á yó yín, owó á sì ṣẹ́ kù lápò yín.

Kì í ṣe ilé oúnjẹ gidi. Àǹtí kan tó pẹ́ ní Chicago kó tó padà wá sí Ifẹ̀ ló ń sè é nínú ọgbà ilé ẹ̀, tábìlì gígùn kan ni gbogbo yín á jókòó sí, bí oúnjẹ ṣe ń jáde lá máa sọ ìtàn Pilsen, àdúgbò tó gbé lọ́hùn-ún, tá á sì máa fi fótò hàn lára ògiri. ₦9,000 lẹnì kọ̀ọ̀kan ń san, oúnjẹ mẹ́ta pẹ̀lú sóbò. Mo kọ́kọ́ rò pé sóbò yẹn, tiwa ló kàn gbé kalẹ̀, àṣé àwọn ará Mẹ́síkò náà ń mu ún gan-an, òdòdó ìṣápá pupa kan náà ni, jamaica ni wọ́n ń pè é.

Tamale ló kọ́kọ́ wá, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n wé sínú háhá tí wọ́n sì fi ooru sè, ẹni tó bá ti jẹ àbàrí rí ti mọ̀ ọ́n tán. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Àwọn ará Czech ló kọ́kọ́ kún Pilsen, ìlú wọn Plzeň ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, òṣìṣẹ́ paraku ni wọ́n, ojú irin sì gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kọjá ní 16th Street. Lọ́dún 1877 àwọn kọ́ńpìnnì rélùwéè gé owó òṣìṣẹ́, ni wọ́n bá da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, nígbà tó dé Chicago ìjà wá le ní òpópónà Halsted níbi bíríìjì 16th Street yẹn, ìbọn dún, bí 30 èèyàn ló kú nínú ìlú náà. Gbogbo tábìlì dákẹ́, ẹnì kan kàn ń jẹ tamale lọ ní tiẹ̀.

Ìgbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́ làwọn ará Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Chicago, torí àwọn ará Yúróòpù ò rí ọ̀nà wá mọ́, rélùwéè sì ń wá ẹni tó máa tún ojú irin ṣe. Àwọn míì nínú wọn, inú wágọ́nù ni wọ́n ń gbé tìyàwó tọmọ. Bàbá kan tó wá láti Iléṣà bá dá sí i pé, “Ọmọ mi, àwọn bàbá tiwa náà wọ rélùwéè o, Òṣogbo ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ lọ ta aṣọ lÓkè Ọya.” Àǹtí ní, “Ẹ ṣeun bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa sọ ọ́ lọ.” Òótọ́ sì ni bàbá sọ, 1907 ni rélùwéè dé Òṣogbo, kò fi ẹsẹ̀ kan Ifẹ̀ tàbí Iléṣà.

Birria, ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n fi ata gbígbẹ sè, ló gbé ewúrẹ́ wá, òun ni mo ṣe ń pariwo. Ẹran yẹn ti rọ̀ débi pé ṣíbí gé e, ata yẹn ò sì jó yàn, ẹ máa ti tortilla, àgbàdo lílọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n yan, bọ omi ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́. Ó ń ṣe tortilla yẹn fúnra ẹ̀ jàre, ó ń ra àgbàdo gbígbẹ lọ́jà Odò-Ògbè, lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun jíjó ló fi ń sè é kí èèpo ẹ̀ lè bọ́, kí ó sì lè mú ara wọn tí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Páànù kan ṣoṣo ló ní ṣá, kó tó kàn yín ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ó ti tutù, ó ti le.

Ẹ̀kẹta, al pastor, ẹran yíyan, kò dùn mọ́ mi. Ọwọ́ àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù tó kó ṣáwámà dé Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́ ọ, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì ń lò, àǹtí wá fi adìẹ rọ́pò kí gbogbo èèyàn lè jẹ ẹ́, ó gbẹ fúúfúú, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó gé sí i ló yọ ọ́.

Nínú ìtàn ẹ̀, ibi tó yẹ kí àǹtí ti fara balẹ̀ gan-an ló sáré kọjá. Kì í ṣe Pilsen làwọn ará Mẹ́síkò pọ̀ sí tẹ́lẹ̀, yunifásítì tí wọ́n ṣí lọ́dún 1965 ni wọ́n wó ilé wọn nítorí ẹ̀ ní àdúgbò kejì, ni wọ́n bá ṣí wá sí Pilsen. Ní báyìí owó ilé ń lé wọn kúrò ní Pilsen náà. Ó fi ògiri Casa Aztlán, ilé táwọn ará Mẹ́síkò ti ń pàdé ní Pilsen tẹ́lẹ̀, hàn wá, àwòrán tí wọ́n ti yà síbẹ̀ tipẹ́, ẹni tó ra ilé náà kun ún pa lọ́dún 2017, ariwo ta kí wọ́n tó tún un yà. Fótò méjì péré ló fi sọ gbogbo ẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè, ó ní tó bá di Sátidé míì, oúnjẹ ti ń tutù.

Ẹ pè ṣáájú kẹ́ ẹ tó lọ, kẹ́ ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè jókòó sí ìhà ilé ìdáná. Ẹ má kó ọmọ kéékèèké dání, ó máa ń lé ní wákàtí mẹ́ta. Tó bá béèrè pé ṣé kí òun fi adìẹ kún tiyín, ẹ ní ewúrẹ́ lẹ fẹ́.