Ìrìn àfẹsẹ̀rìn ní Antigua Guatemala: àwókù rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ owó ni kò dán mọ́rán

Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi ń jẹun ní Houston, torí náà ògiri ni ojú mi máa ń kọ́kọ́ lọ níbikíbi tí mo bá dé. Ìyàwó mi ló sanwó fún wa pé kí wọ́n mú wa káàkiri àwọn ilé tí ìmìtìtì ilẹ̀ wó ní Antigua. Olú ìlú tí àwọn ará Sípéènì ti ń ṣàkóso ni ìlú yìí láti 1543, kí ilẹ̀ tó mì ní July 29, 1773, tí wọ́n fi ní kí ìjọba kó kúrò níbẹ̀. Ọdún 1776 ni wọ́n kó lọ síbi tó di Guatemala City lónìí.

La Recolección nìkan tó owó tí a san. Ọdún 1717 ni wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì náà, ilẹ̀ sì mì lọ́dún yẹn gan-an. Ti 1773 ló wá wó o pátápátá. Àwọn ègé ògiri àti òrùlé tó ga ju èèyàn lọ ṣì wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n já sí. Mo fọwọ́ pa ọ̀kan: bíríkì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n ṣì lẹ̀ mọ́ra wọn pinpin. Ẹni tó mọ ọ́n kò ṣe mágòmágó rárá! Ilé gíga tí orí rẹ̀ wúwo, tí kò ní irin kankan nínú, ni ìṣòro ibẹ̀.

Ẹ wá wo ṣọ́ọ̀ṣì La Merced ná. Wọ́n parí ẹ̀ ní 1767, ilé ìsọ̀ agogo rẹ̀ kúrú, ògiri rẹ̀ ki, ó balẹ̀ bí adìyẹ tó ń sàba. Ó yè é. Ọ̀gbẹ́ni tó mú wa káàkiri ṣàlàyé èyí yékéyéké, mo gbóṣùbà fún un.

Ní Capuchinas, ilé àwọn sísítà, iyàrá róbótó kan wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, òpó ràgàjì kan ló dúró láàárín rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ní kí ẹnì kan kọrin. Ìyàwó mi, ọmọ kọ́yà, kò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohùn ẹnì kan ṣoṣo, àfi bíi pé gbogbo ìjọ ló ń gbè é.

Inú wá bí mi ní ṣọ́ọ̀bù òkúta jéèdì. Wọ́n dá wa dúró síbẹ̀ pẹ́ ju inú kàtídírà lọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀gbà ọrùn han ìyàwó mi ṣáá. Èwo ni tèmi nínú ìyẹn? Owó ìwọlé sí àwọn àwókù náà kò sì sí nínú owó tí a san. Ẹnu géètì ni wọ́n ti sọ fún wa. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù kankan.

Òkúta gbágungbàgun ni wọ́n tẹ́ sí títì, ẹni tó bá wọ bàtà gogoro á jẹ̀ka àbámọ̀. Àárọ̀ kùtù ni kó o lọ, kí kùrukùru tó bo òkè Agua.