Ilé ìwòran kan ní Ìkòròdú, àti Nishikori tí kì í tètè parí eré

Láti Ògólóńtó títí dé Ìtamàgà, ènìyàn kò lè rìn jìnnà ní Ìkòròdú kí ó má rí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan, tí pátákó dúdú dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjìméjì sí, pẹ̀lú aago tí eré yóò bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò jìnnà sí Sábó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò mọ́ ọn, olówó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Alàgbà, sì jẹ́ ẹni tí mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí àwọn yòókù ni pé ó máa ń kọ tẹ́níìsì sórí pátákó pẹ̀lú, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń kọ Arsenal àti Chelsea, kì í sì í ṣe ìgbà tí bọ́ọ̀lù kò bá sí nìkan ló ń fi í hàn. Láti ọdún 2014 ni mo ti ń lọ síbẹ̀.

Orí ìṣẹ́jú 90 ni gbogbo ìṣirò òwò ilé ìwòran dúró lé. Bẹntiróòlù tí jẹnẹrétọ̀ yóò mu, owó ìwọlé, àti iye eré tí wọ́n lè fi hàn kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, bọ́ọ̀lù ni wọ́n fi wọn gbogbo rẹ̀. Tẹ́níìsì kò ní aago. Níbi ìdíje ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ti Australia, France, Wimbledon àti US Open, ọkùnrin tí ó bá kọ́kọ́ gba sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìyẹn ìpín eré mẹ́ta, ló borí. Ó lè gbà á ní wákàtí kan ààbọ̀, ó sì lè di wákàtí márùn-ún kí ó tó gbà á. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti wò, n kò rí ẹni tí ó máa ń ba ìṣirò Bàbá Alàgbà jẹ́ tó Kei Nishikori, ọmọ ilẹ̀ Japan. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi eré rẹ̀ díwọ̀n ilé náà.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Nishikori níbẹ̀, tẹ́níìsì kọ́ ni mo bá lọ. Sátidé ni, ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, Super Eagles ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Congo ní Calabar, èrò sì kún inú ilé títí dé ojú títì. Congo na wa ní 3 sí 2. Bí eré ṣe parí, àwọn ènìyàn ń jáde pẹ̀lú èébú lẹ́nu, Bàbá Alàgbà sì tẹ rìmóòtù kíákíá kí ó má baà gbọ́ àlàyé àwọn onímọ̀ràn lórí ohun tí ojú gbogbo wa ti rí. Orí US Open ní New York ló bọ́ sí. Bóyá àwa mẹ́jọ ló kù nínú ilé. Ọkùnrin kan tí kò ga lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí kò ju sẹ̀ǹtímítà 178 lọ, ń bá Novak Djokovic, tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé nígbà náà, fà á lábẹ́ oòrùn tí ó le koko. Wọ́n ti gba sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó mú mi jókòó ni ibi tí ó ń dúró sí. Kì í sún sẹ́yìn dúró de bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ilẹ̀ tí ó ń gòkè bọ̀ ló ti ń gbá a padà, débi pé alátakò rẹ̀ kì í rí àyè mí. Nígbà mìíràn, bí bọ́ọ̀lù bá ga, yóò fò sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yóò kúrò nílẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ọ̀tún lu ú láti òkè. Ọmọkùnrin tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ wá dúró sẹ́yìn àga mi. Nishikori borí ní 6-4, 1-6, 7-6, 6-3, ó sì di ọkùnrin àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Éṣíà tí yóò dé àṣekágbá ìdíje ńlá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Djokovic, Nishikori ti gbá sẹ́ẹ̀tì márùn-ún pẹ̀lú Milos Raonic, ó sì ti gbá márùn-ún mìíràn pẹ̀lú Stan Wawrinka, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì lé ní wákàtí mẹ́rin. Eré ti Raonic kò parí títí aago méjì òru fi kọjá ní New York. Bàbá Alàgbà ṣe ìṣirò gẹ́gẹ́ bí ọlọ́jà. Nígbà tí àṣekágbá pẹ̀lú Marin Cilic máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ Mọ́ńdè, ó ní owó eré méjì ni a máa san, nítorí pé bẹntiróòlù tí yóò gbé e dé ilẹ̀ mọ́ kì í ṣe kékeré. A san án. Cilic gba gbogbo rẹ̀ ní 6-3, 6-3, 6-3, kò sì tó wákàtí méjì. A san owó sẹ́ẹ̀tì márùn-ún, mẹ́ta ni a wò, kò sì sí ṣéńjì. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n jẹ mí ní eré kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí n sọ bí ọmọ yìí ṣe dé ibẹ̀, nítorí àwọn tí ń jókòó tì mí sábà máa ń béèrè. Matsue ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọmọ ọdún márùn-ún sì ni nígbà tí ó mú rákẹ́ẹ̀tì. Kò ì pé ọmọ ọdún 15 tí ó fi kọjá sí Florida ní Amẹ́ríkà, sí ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì Nick Bollettieri, láìgbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Owó ìrànwọ́ tí Masaaki Morita dá sílẹ̀ ló gbé e lọ, àbúrò Akio Morita tí ó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Sony sílẹ̀ sì ni Masaaki. Amóhùnmáwòrán tí ó wà lápá ọ̀tún nínú ilé ìwòran yìí, èyí tí wọ́n fi ń wo tẹ́níìsì, Sony ni; n kò lè wò ó kí n má rántí. Àwọn tó rán an lọ ní góńgó kan pàtó: Shuzo Matsuoka ni ipò rẹ̀ lágbàáyé ga jù nínú àwọn ọkùnrin Japan ṣáájú rẹ̀, ipò 46 ló sì dé, nítorí náà wọ́n fẹ́ kí ọmọ yìí dé 45. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, ó dé ipò kẹrin.

Ilé náà fúnra rẹ̀ kò burú. Àga rọ́bà ni wọ́n tò síbẹ̀, ẹ̀yìn wọn kò gba ìjókòó wákàtí mẹ́rin, ẹni tí ó bá gbọ́n a mú tìmùtìmù tirẹ̀ dání. Fáànù mẹ́ta ló wà, méjì ló ń ṣiṣẹ́. Amóhùnmáwòrán méjì ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti bọ́ọ̀lù nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ariwo èrò Old Trafford ni a fi ń wo tẹ́níìsì, tí ayò pàtàkì bá sì bọ́ sí àkókò tí ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù sílé, a máa ń dà bíi pé Nishikori ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó ti mọ́ mi lára. Ẹni tí kò bá lè fara dà á, kí ó dúró sílé.

Òrùlé ni n kò lè dárí jì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, Nishikori na Rafael Nadal ní Rio, ó gba idẹ, àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Japan gbà nínú tẹ́níìsì Òlíńpíìkì láti ọdún 1920. (Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ wa gba idẹ ti bọ́ọ̀lù, inú ilé náà sì dùn jọjọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn.) Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó pàdé Andy Murray ní US Open. Òjò bẹ̀rẹ̀ ní New York, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, òrùlé pápá ńlá náà rọra pa dé. Òjò ń rọ̀ ní Ìkòròdú náà, ṣùgbọ́n páànù Bàbá Alàgbà ti lu níbi mẹ́ta, ọmọ ẹnu ọ̀nà sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sáàárín àga ìlà kejì, tí omi ń kán sínú rẹ̀, tó, tó, tó, títí alẹ́. Ní sẹ́ẹ̀tì kẹrin, ẹ̀rọ gbohùngbohùn pápá dún gbàù lójijì, wọ́n dá ayò dúró, Murray sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Gbogbo wa bojú wẹ̀yìn nítorí a rò pé jẹnẹrétọ̀ wa ló bú. Kò bú, àmọ́ kò pẹ́ tí ó fi kú lóòótọ́: bẹntiróòlù ti tán. Àwa márùn-ún dáwó nínú òkùnkùn, ọmọ gbé gálọ́ọ̀nù sá lọ, ìgbà tí iná máa fi tàn, wọ́n ti wà ní sẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Nishikori gbà á ní 7-5. Mo rí òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n mo pàdánù apá tí Murray ti ń fọ́ yángá, ìyẹn sì ṣì ń dùn mí.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ilé náà kì í ṣí kí ṣọ́ọ̀ṣì tó jáde. Bí eré ṣe bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn ní oṣù Kìíní ọdún 2017 tí Roger Federer fi na Nishikori ní sẹ́ẹ̀tì márùn-ún ní Australia. N kò lè dá alàgbà ìjọ lẹ́bi.

Ọdún 2019 ni wọ́n tún ìṣirò ṣe. Mo bẹ Bàbá lórí fóònù ní alẹ́ Sọ́ńdè, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ wá ṣí ilé fún èmi nìkan ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí n lè wo Nishikori àti Pablo Carreño Busta ní Melbourne. Sẹ́ẹ̀tì méjì ni Nishikori kọ́kọ́ pàdánù. Ó gba méjì padà. Níbi tí wọ́n ti ń fi ayò parí sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé 10 pẹ̀lú ìyàtọ̀ méjì yóò borí, Carreño Busta ti wà ní 8 sí 5 kí awuyewuye kan tó ṣẹlẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù tí ó kan ìlà. Láti ibẹ̀, Nishikori gba ayò márùn-ún léraléra. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ara kọ̀ fún un níwájú Djokovic, ó fi eré sílẹ̀ ní sẹ́ẹ̀tì kejì. Bàbá Alàgbà wo owó eré kan tí mo san, wọ́n wo iye epo tí ó lọ, láti ọjọ́ náà ni pátákó sì ti ń kọ ọ́ pé wákàtí wákàtí ni owó tẹ́níìsì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ni wọ́n ń lò báyìí, pẹ̀lú bátìrì, iná kì í sì kú mọ́ láàárín eré.

Páànù ṣì ń jò. Ìkànnì tí wọ́n ń san owó rẹ̀ kò kó àwọn ìdíje kéékèèké, nítorí náà, lẹ́yìn tí Nishikori ti iṣẹ́ abẹ ìbàdí ọdún 2022 padà dé, tí ó sì dé àṣekágbá Hong Kong ní oṣù Kìíní ọdún 2025, orí fóònù ni mo ti ka iye ayò tí Alexandre Muller fi nà án. Ní ìparí oṣù yẹn, mo tún rán Bàbá létí eré ọ̀fẹ́ tí wọ́n jẹ mí láti alẹ́ Cilic. Wọ́n ní àwọn kò gbàgbé: àṣekágbá ìdíje ńlá ni àwọn gba owó rẹ̀ jù lọ́wọ́ mi, ọjọ́ tí ọmọ yẹn bá tún dé àṣekágbá ìdíje ńlá, kí n máa bọ̀, àga iwájú ni, n kò ní san kọ́bọ̀.